Ìbéèrè Yín: Ṣé Ìwé Ilẹ̀ Nìkan Tó fún Àwọn Ará Igbó Íńdíà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo gbọ́ pé òfin kan wà ní Íńdíà tó fún àwọn ẹ̀yà tó ń gbé inú igbó ní ìwé ilẹ̀ wọn. Kí ló wá dé tí òṣì ṣì ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Òfin Ẹ̀tọ́ Igbó ti ọdún 2006 ni ẹ ń sọ. Kí ó tó dé, òfin àwọn amúnisìn, pàápàá ti ọdún 1927, ti sọ igbó di ti ìjọba, débi pé àwọn tó jogún ibẹ̀ lọ́wọ́ baba ńlá wọn di ẹni tí aṣọ́gbó ń lé bí olè. Lábẹ́ òfin tuntun, ìdílé ẹ̀yà igbó tó ti ń dáko níbẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2005 lè gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó ń ro, bí kò bá ti ju hẹ́kítà 4 lọ. Orúkọ ọkọ àti ti aya ni wọ́n ń kọ sínú ìwé náà. Ọmọ lè jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Òfin gbà kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí a kọ sílẹ̀, kànga àtijọ́, ibojì àti ojúbọ jẹ́ ẹ̀rí. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí.

Ní èrò tiwa, ibi tí oúnjẹ wà jù ni ẹ̀tọ́ tí abúlé ní lápapọ̀ láti tọ́jú igbó wọn, kí wọ́n sì máa ta ohun tí ó ń mú wá: ọparun, oyin, òdòdó mahua, àti ewé tendu tí wọ́n fi ń wé sìgá bidi. Àwọn ará Mendha-Lekha, abúlé àwọn Gond ní agbègbè Gadchiroli ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, gba ẹ̀tọ́ yìí ní ọdún 2009 lórí nǹkan bí hẹ́kítà 1,800. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ igbó kò fún wọn ní ìwé ìkẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà tó lè gbé ọparun gba ojú títì láìní in lọ́wọ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2011 ni Jairam Ramesh, mínísítà àyíká nígbà náà, lọ sí abúlé náà fúnra rẹ̀, tí àṣẹ ìwé ìkẹ́rù sì bọ́ sọ́wọ́ àpéjọ abúlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè bá oníbàárà dúnàádúrà fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ abúlé ni kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò kó mahua gbígbẹ pamọ́ sí yóò tà á fún alárọ́bọ̀ ní àsìkò tí ó pọ̀ jù lọ, ní iye tí alárọ́bọ̀ bá dá lé e. Àká àti ọ̀nà ni ó yẹ kí owó ìrànwọ́ ìjọba kọ́kọ́ bá lọ, kí wọ́n tó máa pín ẹ̀rọ kiri.