Ṣé kantíkantí lè wúlò fún ìwádìí àrùn ọpọlọ?

Ẹni tó béèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá kantíkantí tó ń rá bàbà lórí máńgòrò tó ti rà wúlò fún ìwádìí ìgbàgbé: ó wúlò gan-an. Nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 jíìnì (ohun àjogúnbá tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) tó so mọ́ àìsàn èèyàn ló ní irú ẹ̀ lára kòkòrò yìí.

Àwọn olùwádìí á fẹ́ òórùn kan sí àwọn kantíkantí, wọ́n á sì fi iná mànàmáná ta wọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òórùn méjì ni wọ́n á gbé síwájú wọn. Èyí tó bá rántí á sá fún ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe rí jíìnì tí wọ́n ń pè ní dunce nìyẹn lọ́dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Seymour Benzer ní Amẹ́ríkà, 1976: tó bá ti bàjẹ́, kòkòrò náà ò ní sá (ìyà ò kọ́ ọ lọ́gbọ́n!).

Nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ẹyin fi ń di kantíkantí, torí náà ìwádìí lórí ẹ̀ máa ń yá. Àmọ́ oògùn tó bá ràn án lọ́wọ́ lè má ṣiṣẹ́ fún èèyàn.