Ìwé gbélé-ẹ kì í sábà pa ìyanṣẹ́lódì

Àbúrò, o bèèrè pé kí ló ń mú kí ìyanṣẹ́lódì kan já sí ire kí òmíràn sì fọ́n ká, gbogbo ẹni tó dá ọ lóhùn ló ń pariwo ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ṣe akọ̀wé ẹ̀ka yúníọ̀n l'Ádó-Èkìtì níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ni mo ní kí o yíjú sí.

Níbi iṣẹ́ tiwa, ajẹsílẹ̀ owó oṣù la torí ẹ̀ jáde. Ká sòótọ́, ó ti ń rẹ̀ wá. Àwọn kan ti gba oko lọ ní Ìlawẹ̀, àwọn kan ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ buwọ́ lu rẹ́jísítà. Àfi bí àwọn aláṣẹ ṣe já ìwé gbélé-ẹ fún alága wa! Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń yọ́ wọlé gan-an ló kọ́kọ́ dé ẹnu géètì. Owó ṣeé san díẹ̀díẹ̀, ta ló lè dá alága padà ní ìdajì?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Énúgu ní 1949 nìyẹn, tiwọn ló burú jù. Àwọn awa-èédú ń fa iṣẹ́ nílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́, àwọn yòókù bá jókòó pa sínú ihò kí wọ́n má baà tì wọ́n síta. Ìjọba amúnisìn ní òun ò fẹ́ kí ohun abúgbàù tó wà níbẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n kó ọlọ́pàá lọ sí Iva Valley ní 18 Oṣù Kọkànlá, wọ́n yìnbọn, èèyàn 21 sì kú síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ṣe di ọ̀rọ̀ òmìnira nìyẹn.

Ọ̀gá tó bá fẹ́ fi ìléníṣẹ́ borí gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Ààrẹ Reagan ní i l'Ámẹ́ríkà ní 1981: ó lé àwọn tó ń darí ìrìn ọkọ̀ òfúrufú láti ilẹ̀ nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì, wọ́n ju 11,000 lọ, àwọn ọ̀gá wọn àti àwọn ológun bọ́ sípò wọn, yúníọ̀n náà sì túká. Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, ò ní i ní 1964. Ìjọba rẹ̀ jókòó lé àbọ̀ ìgbìmọ̀ Morgan lórí owó oṣù títí òṣìṣẹ́ fi dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹfà. Nígbà tó yá, ó fún wọn ní gbèdéke wákàtí 48 kí wọ́n padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò lé wọn. Wọn ò dá a lóhùn. Ta ni ì bá wa rélùwéè? Ìjọba ló padà wá jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, ó parí ní 13 oṣù náà.

Tiwa, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá ni. Ó dá alága padà lójú ẹsẹ̀, ó pè wá wọ ọ́fíìsì, ó ní kí akápò tú ìwé owó síwájú wa. A ṣírò ó títí ilẹ̀ fi ṣú, owó náà ò tó lóòótọ́. A gbà kí wọ́n máa fi ìdá díẹ̀ kún owó oṣù wa títí ajẹsílẹ̀ yóò fi tán, adéhùn tí à bá ti buwọ́ lù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá.