Kí ló dé tí makaróònì ẹlẹ́ran lílọ̀ mi fi ń di ẹ̀kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpò níbí ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa fi se makaróònì pẹ̀lú ẹran lílọ̀ lálẹ́, kí abọ́ fífọ̀ lè dínkù. Ṣùgbọ́n ẹran náà kì í dín, ṣe ló máa ń hó nínú omi ara rẹ̀, á sì dì gbagidi. Makaróònì á jó nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Ẹni mẹ́rin la wà nílé. Níbo ni mo ti ń ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Omi ló ń dà yín láàmú, ti inú ẹran àti èyí tí ẹ ń bù sí makaróònì.

Ẹ wá ọ̀rá makaróònì gíráàmù 500 kan, ẹran gíráàmù 400, tòmátì mẹ́rin, tàtàsé méjì, ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á, àti àlùbọ́sà ńlá kan. Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba, ẹ mú ẹran tí kò léegun, tó ní ọ̀rá díẹ̀ lára. Kí ẹ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹran tí a bá fọ̀ lẹ́yìn tí a lọ̀ ọ́ tán ti mu omi yó. Bí ẹlẹ́ran kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e wẹ́wẹ́. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata o.

Ìkòkò tó fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kí ẹ tẹ́ ẹran náà pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìrò ó. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú: bí ẹ bá ń rò ó ṣáá, omi á tú jáde, iná kò sì ní ràn án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìdí ṣíbí igi fọ́ ọ. Bí omi bá jáde, ẹ má bo ìkòkò, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Etí yín ló máa sọ fún yín: ariwo híhó á lọ, ti dídín á dé. Nígbà tó bá pọ́n ni kí ẹ kó àlùbọ́sà sí i, kí ẹ tó wá da ata tí ẹ lọ̀ lé e. Ẹ dín ata náà títí òróró yóò fi léfòó. Ata tí kò gbẹ máa ń kan, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ iye omi tó wà nínú ìkòkò gan-an.

Omi wá kù. Píọ́ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà. Méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ sì gbé ìdajì ìkẹta sí ẹ̀gbẹ́. Kó ti gbóná kí ẹ tó dà á sí i, torí inú omi tútù ni makaróònì ti ń rọ̀ kó tó hó. Ẹ wá da makaróònì sí i, ẹ má ṣàn án: sítáàṣì ara rẹ̀ ló ń mú ọbẹ̀ náà ki. Níwọ̀n ìgbà tí a kò ní sẹ́ omi dànù, gbogbo iyọ̀ tí ẹ bá bù síbẹ̀ ni ẹ óò jẹ. Ààbọ̀ ṣíbí kékeré pẹ̀lú magí kan tó. Kọ́rì àti táìmù, bó ṣe wù yín.

Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù, ẹ bò ó, kí ẹ máa rò ó kan ìsàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó wà lára ọ̀rá. Bó bá ku méjì kó pé, ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ṣì le tí omi sì ti tán, ẹ bù díẹ̀ nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pa iná nígbà tó ṣì ní ọbẹ̀ díẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì ń dán, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á fa èyí tó kù mu. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó gbẹ lórí iná, òun náà lẹ̀ ń pè ní ẹ̀kọ yẹn.

Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ wọ́n omi ṣíbí mẹ́ta sí i kí ẹ tó gbé e ka iná lọ́jọ́ kejì.