Èsì: Fídíò orin méje, síbẹ̀ wọn ò gbé fíìmù fún mi

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ti darí fídíò orin méje, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì gbé fíìmù fún yín darí. Ẹ dá fídíò kẹjọ dúró ná. Ẹ ya fíìmù kúkurú oníṣẹ́jú mẹ́wàá: èèyàn méjì, yàrá kan, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀. Orin ló ń bo àléébù mọ́lẹ̀ nínú fídíò orin. Ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún yín kò tíì gbọ́ kí òṣèré yín lanu rí.

Àmọ́ bí ẹ ò bá tíì rówó ẹni tó máa gba ohùn sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Nínú tèmi àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó mì.

Fídíò orin ni Kemi Adetiba náà ń darí kí The Wedding Party, fíìmù tó darí, tó jáde ní 2016.