Òkúta ń ba iwájú mọ́tò tí mo ń fà jẹ́: kí ni ṣíṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ra bọ́ọ̀sì Coaster kan, mo tú àga inú rẹ̀, mo gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sí i, òun lèmi àti ìyàwó mi fi ń rìnrìn àjò. A máa ń fi irin fa Corolla wa tẹ̀ lé e, ká lè rí nǹkan gùn nígboro tí a bá dé ibi tí à ń lọ. Ṣùgbọ́n òkúta ti dá ojú sí gbogbo iwájú Corolla yìí, gíláàsì rẹ̀ náà sì ti sán díẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n fi tapólì wé e. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ẹ má tíì ra tapólì. Ẹ kọ́kọ́ lóṣòó síwájú Corolla yẹn, kí ẹ wo ibi tí òkúta ti bà á. Bó bá jẹ́ bọ́ńpà àti ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ sí, lọ́tùn-ún àti lósì níbi tó bá táyà bọ́ọ̀sì dọ́gba, bọ́ọ̀sì yín fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lókùúta. Bó bá jẹ́ gíláàsì àti òkè bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àwọn típà tó ń kó òkúta bọ̀ láti kúárì apá Ògbèrè. Nínú mọ́tò àfàlẹ́yìn tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣágámù, ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù.

Táyà ẹ̀yìn Coaster, méjì-méjì ni wọ́n fara ti ara wọn. Òkúta á há sáàárín wọn, bí eré bá ti pọ̀, á fò jáde. Kí ẹ tó gbéra, pàápàá bí ẹ bá ti gba ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ àárín táyà wọ̀nyẹn, kí ẹ yọ ohun tó bá há síbẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ so rọ́bà tó nípọn sẹ́yìn táyà. Kó fẹ̀ ju táyà méjèèjì lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí ẹrù àti èèyàn bá ti wà nínú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n o. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lófìfo, á máa wọ́ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń kọ àdúrà sí lára yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́lẹ́. Atẹ́gùn á gbé e sókè, òkúta á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ ní kí wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè wúwo. Kó má sún mọ́ sàlẹ́ńsà.

Bí èyí ò bá tó, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń rìn bíi tiyín máa ń de asà mọ́ irin tí wọ́n fi ń fa mọ́tò. Wẹ́dà yín lè fi férémù irin àti rọ́bà ṣe é. Kí orí rẹ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì, kí òkúta tó bá bà á lè já sílẹ̀. Ẹ yí kọ̀nà níbi gbalasa, kí ẹ rí i pé kò kan nǹkan kan.

Ní ti tapólì, èmi ò fọwọ́ sí i. Eruku á wọ abẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á máa gbọ̀n ọ́n, á sì máa ha ọ̀dà bíi sáńpépà títí ẹ ó fi dé Òrè. Bí ẹ bá fẹ́ bo nǹkan dandan, ẹ wá náílọ́ọ̀nù tí kò láwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́ńpà àti iná. Ó wọ́n, àmọ́ kì í gbọ̀n.

Gíláàsì tó sán ńkọ́? Bó bá ṣì kéré, tí kò tíì dé etí, wọ́n lè fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ dí i. Ẹ lẹ sélótéèpù mọ́ ọn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dí i, kí omi àti ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́. Ẹ sì dín eré kù: láti 100 sí 80 kìlómítà ní wákàtí, agbára tí òkúta fi ń bà á á dín ju ìdá mẹ́ta kan lọ.

Ẹ ò sọ bóyá Corolla yẹn jẹ́ mánúà tàbí ọ́tò. Bó bá jẹ́ ọ́tò, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń yí nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dà kọ́ ló yẹ kó ká yín lára. Ẹ́ńjìnnì tó kú kì í fún òróró gíà lọ síbi tó yẹ, gíà lè jóná. Ẹ má fà á mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń wà á, ẹ gbé iwájú rẹ̀ ka orí tòrólì onítáyà méjì tí wọ́n fi ń fa mọ́tò.