Pánẹ́ẹ̀lì tó ń gbóná kò fẹ́ ìbòra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀ńjíníà. Ilé bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti pẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì iná àtijọ́ ló wà níbẹ̀, onífíùsì tí à ń fọwọ́ fà yọ, orí pákó ni wọ́n kàn án mọ́. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti já, ó sì máa ń gbóná tí a bá ń lọṣọ. Ẹnì kan ní kí a gé túúbù táyà tẹ́ inú rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí a fi fóòmù dí i. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì, tàbí kí la lè rí rà ní Adó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi túúbù yẹn sílẹ̀. Fóòmù náà, ẹ má mú un débẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kàn mẹ́nu bà kọjá: ẹ ní ó máa ń gbóná. Òun gan-an ni àìsàn. Ohun tí ẹ máa fi bò ó kọ́ ló kàn.

Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ìmọ̀ràn tí àwọn kan ń fún onílé sì máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní "ẹ wá nǹkan wé e," àfi bíi pé kí ọwọ́ má ṣáà ti kan waya ni gbogbo ewu tó wà lára iná mànàmáná. Lóòótọ́, ohun tí iná kì í gbà kọjá máa ń dáàbò bo ọwọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí pánẹ́ẹ̀lì bá dáná sun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Ooru ló ṣe é.

Níbi tí waya ti wọ ẹnu fíùsì, síkúrù kékeré kan ló dì í mú. Tí iná bá ń ṣiṣẹ́, bàbà inú waya á gbóná, á wú díẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á tutù, á sún kì. Kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síkúrù náà á dẹ̀. Nígbà tó bá ti dẹ̀, ara á máa ni iná kó tó rí ibẹ̀ kọjá. Tí ìdènà ibẹ̀ bá tó ìdajì ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná) péré, tí ampere 20 (òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn) sì ń gbà á kọjá, ooru tó máa jáde lójú kan ṣoṣo yẹn tó 200 wáàtì, ó ju ti gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì mẹ́ta lọ. Ojú ibi tí à ń sọ kò sì tó orí ìka. Rọ́bà tó bo ọ̀pọ̀ waya ilé wa, 70°C ni wọ́n ṣe é mọ. Tí oníná bá ṣí i, ẹ ní kó fi hàn yín: rọ́bà waya pupa á ti di dúdú, á ti gan, bàbà rẹ̀ á ti ṣú, àyíká síkúrù á sì máa rùn bí ẹja.

Irú ojú ibẹ̀ yẹn lẹ wá fẹ́ fi fóòmù dí! Ṣé ẹni tí ibà mú, tí ara rẹ̀ ń jó fòfò, là ń fi kúbùsù wé? Fóòmù kò ní jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń tètè gbaná.

Ní ti táyà àti túúbù rẹ̀, ẹ wo bó ṣe dúdú. Èédú lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n pò mọ́ rọ́bà yẹn nílé iṣẹ́, èédú sì ń gbé iná. Òmíràn lè dí iná, òmíràn kò ní dí i, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fọkàn tán an, tó wá fọwọ́ kàn án, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń dán an wò. Páálí àti pákó ń fa omi lásìkò òjò, wọ́n sì ń jó.

Ẹ ní kí wọ́n fa fíùsì kọ̀ọ̀kan yọ, kí wọ́n wo inú rẹ̀. Waya fíùsì oní-5 ampere, 0.2 mìlímítà ni ó nípọn mọ. Ti 15 ampere jẹ́ 0.5, ti 30 jẹ́ 0.85. Ohun tí mo máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni waya sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bó, tí wọ́n wé mọ́ ọn nítorí pé "ti tẹ́lẹ̀ ń já jù." Kó já ni wọ́n ṣe ṣe é! Tí kò bá já, waya inú ògiri ni yóò jó.

Ohun èlò tó tọ́ wà o. Baklaiti, ìyẹn ike líle tí iná kì í gbà kọjá, wà, fibreglass tí wọ́n ṣe fún iná wà, ike tí wọ́n fi ń dí àyè tó ṣófo nínú pánẹ́ẹ̀lì náà wà, ẹ sì lè béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní Adó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi, n kò ní ná owó lórí ìwọ̀nyẹn fún pánẹ́ẹ̀lì tó ti ń gbóná. Pánẹ́ẹ̀lì onírin tuntun ni kí ẹ fi owó náà rà, pẹ̀lú brékà (ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù, dípò fíùsì) tó bá waya yín mu àti RCD oní-30 milliampere, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀. Kí wọ́n sì wo waya ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, torí ilé àtijọ́ mìíràn kò ní in rárá.

Tí ẹ bá rí páálí eléérú líle lẹ́yìn fíùsì, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má fọ́ ọ. Ó lè jẹ́ asbestos, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

N kò fojú rí pánẹ́ẹ̀lì yín, nítorí náà ẹ má fi ìwé mi yìí ṣe iṣẹ́ fúnra yín. Bí ẹ tilẹ̀ pa meeni, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń pa iná gbogbo ilé, waya tó ti orí òpó wọlé ṣì ní iná 230 volt lára, ó sì lè pa ènìyàn. Oníná tí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, fún ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ pè, kí BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, sì já iná láti orí òpó kí oníná náà tó fọwọ́ kàn án. Kó tó dé, ẹ fi aṣọ lílọ̀ sílẹ̀ ná, ẹ má sì lo kẹ́tùlù àti pọ́ǹpù omi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ọn. Tí òórùn ẹja yẹn bá jáde, ẹ pa meeni tí èéfín tàbí ìtàpàrà kò bá tíì sí níbẹ̀. Tó bá ti wà, ẹ kó gbogbo ilé jáde, ẹ pe àwọn panápaná, ẹ má da omi sí i.