Bàlúù gbéra ní 9:00, ó balẹ̀ ní 9:05: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajara ní Badagry níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Accra ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé màá gbéra n'Ikeja ní 9:00 àárọ̀, màá dé Accra ní 9:05. Ṣé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, àbí wọ́n ṣì í tẹ̀ ni? Àwọn kan tiẹ̀ ní kí n kúkú gba Seme tó wà nítòsí wa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì yín dáa. Aago Ghana fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, aago ìlú tí bàlúù ti gbéra ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, aago ìlú tó máa balẹ̀ sí ni wọ́n á kọ tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá ti lu 9:05 l'Accra, ní Badagry níbí 10:05 ti lù, wákàtí kan lé ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, ká ní 4:00 ìrọ̀lẹ́ lẹ kúrò l'Accra, wọ́n á kọ ọ́ pé 6:05 lẹ máa dé, kì í ṣe wákàtí méjì o, wákàtí kan náà yẹn ni.

Lójú òfurufú, Ikeja sí Accra ò ju bíi 400 km lọ. Bàlúù lè sá 800 km ní wákàtí kan lóòótọ́, àmọ́ kò lè sá bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó máa kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀, á gùnkè, kó tó sáré dáadáa ó ti di kó máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì kà mọ́ àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni Badagry sí Ikeja. Bàlúù tó ń jáde kúrò nílùú, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ló yẹ kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, ìyẹn 6:00 àárọ̀, ẹ sì mọ súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Okokomaiko títí dé Mile 2. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jáde nílé lóru, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí kan n'Ikeja tàbí Oshodi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ti Seme yẹn, òótọ́ ni pé ilé yín ò jìnnà síbẹ̀, àmọ́ bọ́dà mẹ́ta lẹ máa kọjá, Seme tẹ́ ẹ máa gbà wọ Benin, Hillacondji tẹ́ ẹ máa gbà wọ Togo, Aflao tẹ́ ẹ máa gbà wọ Ghana, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ to ìlà níkọ̀ọ̀kan, odindi ọjọ́ kan lè lọ sí i. (Hillacondji yẹn gan-an ni aago ti ń yí padà, torí aago kan náà ni àwa àti Benin ń lò, Togo ló bá Ghana mu.) Ẹni tó bá ní ẹrù ọjà rẹpẹtẹ ni màá ní kó gba ibẹ̀, torí owó ẹrù nínú bàlúù ń dun èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kí ọmọ, ẹ wọ bàlúù yín.

Ẹ ò nílò físà, 90 ọjọ́ ni wọ́n gbà wá láyè, torí ECOWAS ni gbogbo wa. Pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò kàádì (káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ fi méjèèjì sínú báàgì ọwọ́ yín, ẹ má kó wọn mọ́ ẹrù tẹ́ ẹ máa fún àwọn òṣìṣẹ́ bàlúù pé kí wọ́n bá yín kó.